Orúkọ tí Ìyá Cuie ń Pè

Èmi kì í ṣe ojo o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi takisí gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú Wenzhou, ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Cuie, èrò kan tí mo gbé níbẹ̀, ṣì ń dẹ́rù bà mí.

Aṣọ ló fi ọdún mẹ́tàlélógún rán ní Sípéènì. Eérú òkú ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sun ló gbé bọ̀ wálé, nínú àpótí tó fi aṣọ pupa wé. Ìrìn bàálù ti mú ojú rẹ̀ wọnú.

"Ṣé Wenzhou nìyí? Oko ìrẹsì la fi síbí lọ!"

"Ìyá, ẹ ti pẹ́ jù lájò. Wọ́n ti jẹ ìrẹsì yẹn tán."

Kò rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe dé afárá àkọ́kọ́, ó lu àpótí náà pẹ́pẹ́. "Guangfu, afárá rèé o, máa tẹ̀ lé mi!"

Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Òkú tó ń ti òkèèrè bọ̀, tí a kò bá pè é lórúkọ ní gbogbo afárá, ẹ̀mí rẹ̀ á sọnù sọ́nà. Láti ọsibítù tí ọkọ rẹ̀ kú sí ní Sípéènì ló ti ń pè é bọ̀.

Lórí afárá kẹta, aago tó máa ń ké bí ẹni tó jókòó kò bá de bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo wẹ̀yìn. Ìyá ti de bẹ́líìtì tirẹ̀. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, àmọ́ omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó. 

"Ìyá, ṣé omi ló pa ọkọ yín ni?"

"Omi kẹ̀? Ikọ́ ni."

"Ta wá ni Guangfu tó rin gbingbin yìí?"

Ó fọwọ́ kan àga náà. "Mo gbé! Guangfu gan-an ti kú sínú odò yìí tipẹ́. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni ọkọ mi fi lọ sí Sípéènì. Nítorí ọlọ́pàá, n kò pe ọkọ mi ní Maodi, orúkọ rẹ̀ gidi, mọ́, kódà nínú yàrá wa."

"Ó yá, ẹ pe Maodi!"

"Kí n pè é níbo? Ọsibítù ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ó ń gbọ́ tí mò ń pe ọkùnrin mìíràn jáde!" Ó bú sẹ́kún.

Mo dá takisí dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kọjú sí àga tútù náà. "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ ti délé. Ẹ sọ̀kalẹ̀." Aago dákẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ló padà sí Sípéènì láti lọ pe Maodi wálé. Bó ṣe ń wọ pápákọ̀ lọ, ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀ ní orúkọ Maodi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tó tún pè é ní Guangfu.