Bí Màámi Ṣe Bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Parí Ìjà

Oṣù kẹta tí Màámi dé láti Ìjẹ̀bú wá bá wa gbé nítòsí Becontree Heath ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé sú u. Ó ti wo tẹlifíṣọ̀n títí, ó sì ti tún àpótí aṣọ mi tò débi pé n kò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ mi wà mọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní adìyẹ lòun fẹ́ sìn. Mo rò pé àwàdà ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun rẹ̀ ti bá a wá adìyẹ mẹ́fà, ọkọ mi sì ti fi pákó àlòkù àti wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ilé fún wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Ilé náà wọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí gbọ́ òfófó.

Lọ́sẹ̀ kejì, igbe Màámi ló jí mi láàárọ̀. Ìyẹ́ kún gbogbo ilẹ̀. Adìyẹ mẹ́fà ti di mẹ́ta. Ihò kan wà lábẹ́ wáyà, ó ṣe rẹ́gí bí ihò tí oníṣẹ́ gbẹ́.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni," ni mo wí.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀? Ní Lọ́ńdọ̀nù?" Màámi wò mí bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. "Gbogbo bí mo ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú tó, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ni mo tún wá bá?"

A ò wá ọ̀daràn náà jìnnà. Abẹ́ ilé pákó tí aládùúgbò wa ń kó irinṣẹ́ sí ló ń gbé. Òyìnbó arúgbó ni aládùúgbò yìí, wẹ́dà ajórin tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbélé. Nítorí pé orí fẹ́ńsì nìkan ni Màámi ti máa ń rí i, ó sọ ọ́ ní Bàbá Fẹ́ńsì. Ó pè é jáde lọ́jọ́ náà, ó ní kí n máa túmọ̀ fún òun.

"Sọ fún un pé olè ló gbà sílé. Sọ fún un pé bí ọwọ́ mi bá tẹ ẹranko yẹn, ata ni mo máa fi sè é."

Mo rẹ́rìn-ín sí bàbá náà. Mo ní ìyá mi kí i, ó sì fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?" ni Màámi bi mí. "Ọ̀rọ̀ mi gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe ata lédè òyìnbó, n kò sì gbọ́ ọ."

Bàbá náà fèsì pé abiyamọ ni ẹranko náà, ọmọ mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀, àtìgbà tí ìyàwó òun ti wà láyé ni àwọn sì ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti olúwarẹ̀ ni. Ìdajì ìyẹn náà ni mo túmọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò kí ara wọn. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣèlérí pé òun á gbé tàkúté wá. Ìyẹn ló mú kí n pe obìnrin kan tó máa ń fi àkókò rẹ̀ ṣètọ́jú ẹranko ìgbẹ́ ní àdúgbò wa. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Bàbá Fẹ́ńsì àti àwọn ará òpópónà wa mélòó kan jókòó pẹ̀lú wa ní ilé ìdáná. Obìnrin náà ní bí a bá pa eléyìí, òmíràn á gba ipò rẹ̀ kó tó pẹ́. Ohun tó ń pè wọ́n wá ni ká mú kúrò.

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ?" ló béèrè.

Bàbá Fẹ́ńsì wúkọ́. Ó ní òun máa ń ju nǹkan kékeré sí i nírọ̀lẹ́.

"Kí ni nǹkan kékeré náà?"

"Itan adìyẹ."

Èyí ò fẹ́ ògbufọ̀. Màámi dìde fùú. "Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ ọ ní adìyẹ jíjẹ!" Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ni mo túmọ̀. Ojú bàbá náà pọ́n bí tàtàṣé. Ó kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn, ẹ̀rín ló sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, Màámi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Ibẹ̀ la ti ṣe àdéhùn. Kò sí itan adìyẹ mọ́, kò sí májèlé, kò sí tàkúté. Oníkálukú á sì máa gbé bíríkì lé ìdérí bíìnì ìdọ̀tí rẹ̀. Bàbá Fẹ́ńsì ní òun á tún ilé adìyẹ kọ́, nítorí pé èyí tí ọkọ mi kọ́, ìjàpá pàápàá lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó ri wáyà líle mọ́ ilẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lè pàdé rẹ̀. Ọkọ mi ń na ìṣó sí i. Màámi ń gbé dòdò lọ fún bàbá náà, ó ń bá a wí lórí gbogbo pákó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Màámi lójú fèrèsé. Ó fi ìka lé ètè. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wà níta, ó rù hangogo, etí rẹ̀ kan ya. Ó gbẹ́lẹ̀, ó kan wáyà, ó tún ibòmíràn gbẹ́, ó tún kan wáyà. Ó jókòó, ó ń wo àwọn adìyẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wá ń du ọmú rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, abiyamọ," ni Màámi wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wá iṣẹ́ síbòmíràn."

Nígbà tí arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbé tàkúté dé, ẹnu ọ̀nà ni Màámi ti dá a dúró. "Ẹ gbé e padà. A ti ṣèpàdé lé e lórí."

Arákùnrin náà ní kí wọ́n ṣọ́ra o, irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lè má ṣojú lásán.

"Ọmọ mẹ́rin ló ń fún lọ́mú, arákùnrin. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin ò ráyè àjẹ́."

Adìyẹ kankan ò sọnù mọ́. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, àwọn ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi fajú ro fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. "Wọn ò tilẹ̀ dágbére," ló ń wí. Bàbá Fẹ́ńsì ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọmọ tòun náà wà ní Ọsirélíà, kì í sì í pe òun lórí tẹlifóònù. Màámi wọ ilé adìyẹ lọ, ó kó ẹyin mẹ́rin, ó nà án sí bàbá náà lórí fẹ́ńsì.