Mẹ́dáàlì àti Póò Arúgbó

Ọmọ mi ọkùnrin kú ní Alessandria, nílẹ̀ Italy, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹrù tí wọ́n tò léra ló wó lù ú. Mo wá láti ilé wá sin ín, mi ò sì padà, torí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀.

Torino ni wọ́n ń gbé, lọ́dọ̀ arúgbó òyìnbó obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Signora, bí ẹni ń pe Màdáámù, ni gbogbo wa ń pè é. Ìyàwó ọmọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń da póò rẹ̀ nù. Signora fún wa ní yàrá méjì lẹ́yìn kíṣìnì. Permesso, ìwé ìgbélùú ìyàwó ọmọ mi, orí iṣẹ́ yẹn ló dúró lé. Bí arúgbó yẹn bá lé wa, títì ló kù.

Ọmọ-ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tíṣà wọn ní kí kálukú mú nǹkan kan wá tó jẹ́ ti bàbá àgbà rẹ̀ nígbà ogun. Mo ṣí àpótí mi, mo yọ mẹ́dáàlì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún mi, mo fi há a láyà fúnra mi. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mi ò rò ó pé ọmọ-ọmọ àwọn tí a ju bọ́ǹbù lù ló máa jókòó tì í ní kíláàsì.

Ìdí bàálù ni mo máa ń jókòó sí, èmi àti ìbọn. Àwa méje la wà nínú rẹ̀. Mo ṣì mọ orúkọ àwọn mẹ́fà yòókù, mo mọ orúkọ ìyá ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n rán wa sí Torino, iná mú bàálù wa, ó jó ọwọ́ mi, mi ò kúrò nídìí ìbọn. Ohun tí mo fi gba mẹ́dáàlì nìyẹn.

Ọmọ náà ti iléèwé dé lọ́sàn-án, ó wọlé lọ kí Signora pẹ̀lú mẹ́dáàlì láyà. Signora ní kí wọ́n pè mí. Ọmọ náà, tó ń pè mí ní Nonno, bàbá àgbà ní èdè wọn, ló ń túmọ̀ fún wa.

"Nonno, ó ní ibo lẹ ti gbà á?"

Ìyàwó ọmọ mi ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ sọ pé Jámánì ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí. Mo ní, "Sọ fún un pé ìlú yìí ni."

Signora ò pariwo. Ó ka ìka rẹ̀: ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú lábẹ́ ilé kan tí bọ́ǹbù wa wó, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló sì kéré jù. Ó ní láti ọ̀la lọ, èmi ni kí n máa da póò òun, kí n sì wọ mẹ́dáàlì mi.

Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀. "Signora, bàbá ọkọ mi ni."

"Dìde. Tó bá kọ̀, ẹ kó ẹrù yín."

Mo ṣe é. Láràárọ̀, màá wọ kóòtù, màá fi mẹ́dáàlì há àyà, màá gbé póò dání, màá ka orúkọ àwọn mẹ́sàn-án, bó ṣe kọ́ mi, kí n tó lè jáde. Bí mo bá ṣì í, màá tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gágun, ṣé ó ń rùn?"

"Ó ń rùn, Signora."

"Ìyá mi náà rùn nígbà tí wọ́n hú u jáde."

Ìyàwó ọmọ mi máa ń sá lọ ra búrẹ́dì lásìkò yẹn. Lọ́jọ́ kan, mo fi orúkọ ọmọ mi ṣe ìkẹwàá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Signora gbọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ mi, Signora."

"Yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe ilé mi ló kú sí."

Mo yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọdún méjì ó lé, títí orí Signora fi bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Kì í ṣe pé ó ń dán mi wò.

"Ọmọ ọwọ́ yẹn. Kí lorúkọ rẹ̀? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Mo ti gbàgbé, Signora."

Mo lọ da póò nù, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e padà wá.

Kò jẹun mọ́. Ẹkún ló ń sun títí ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi ti Verona dé lọ́jọ́ Sunday. Signora ń sọ fún un pé a ti gbé ọmọ ọwọ́ náà lọ. Ọkùnrin yẹn ò bi wá ní nǹkan kan. Ó gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Padova, ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde.

Ìyàwó ọmọ mi ń di ẹrù. "Bàbá, ṣé ẹ mọ orúkọ ọmọ ọwọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó ká kóòtù ọmọ rẹ̀ sínú àpò. Ó ní arábìnrin kan nínú ìjọ àwọn máa gbà wọ́n sí Pordenone, yàrá kan ló ní, òun àti ọmọ ni yóò gbà. Òun ti bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì tí màá fi padà sílé.

Ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ ní èdè Italy bóyá Nonno ń bá wọn lọ. Ìyá rẹ̀ fi èdè kan náà dá a lóhùn kíákíá kí n má baà gbọ́. Mo gbọ́ ọ. Ẹnu arúgbó yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Ó ní rárá, pé kó má sunkún, torí Nonno kì í sunkún fún ẹnikẹ́ni.