Ògì Tí Kò Ní Ṣúgà

Òórùn ògì kíkan ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìdóànì. Kí n tó bọ́jú, ìyá mi á ti gbé ògì funfun síwájú Bàámi ní fàráńdà. Bàámi á na ẹsẹ̀ òsì wọn tí wọ́n fi báńdéèjì wé sórí àpótí, wọ́n á sì mu ife ńlá méjì láìfi hóró ṣúgà kan sí i. "Ọdún kan gbáko, ṣúgà ò kan ètè mi." Bí wọ́n ṣe máa ń yangàn nìyẹn.

Síbẹ̀, egbò tó wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn kan kò jiná. Dókítà ní Ọ̀wọ̀ ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sì ń rò ó bóyá bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn á ṣì bá wọn mu.

Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà wá. Abẹ́rẹ́ tíńtín, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, nọ́ḿbà á sì yọ. Wọ́n ní kí n máa wọ̀n ọ́n kí Bàámi tó jẹun, kí n sì tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Inú mi dùn! Mo fa ìlà sínú ìwé ìṣirò mi. Lọ́kàn mi, mo ti mú ọ̀daràn: iyán ni, torí òun ni Bàámi fẹ́ràn jù.

Iyán gbé nọ́ḿbà sókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi bù ú kéré, tí wọ́n kó ẹ̀fọ́ àti ẹja tì í, kò ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nọ́ḿbà ẹ̀wà kò tó igba. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí gbogbo àdúgbò ń pè ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ, Bàámi jẹ òkìtì rẹ̀, nọ́ḿbà sì fò sókè. Ògì wá kọjá gbogbo wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún. Mo gbọn ẹ̀rọ náà jìgìjìgì. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí.

"Ohun tí kò dùn lẹ́nu, ibo ni ṣúgà ti fẹ́ dé inú ẹ̀?" Bàámi fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ jágbe mọ́ mi.

"Bàámi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀jẹ̀ yín ni mo bi léèrè."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ló wá là á yé wa pé àgbàdo tí a ti lọ̀ kúnná, tí a ti sẹ́ èèrí rẹ̀ dànù, kì í pẹ́ di ṣúgà nínú ara, ì báà má dùn lẹ́nu rárá. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà rọ́pò ògì láàárọ̀. Oògùn dókítà náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀, egbò sì jiná díẹ̀díẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni Bàámi fi wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún Kérésì yẹn.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé. Irú ẹ̀rọ yẹn wà nínú àpótí aṣọ mi. Oṣù mẹ́ta rèé tí dókítà ti ní kí n máa fi wọn ara mi, n kò tíì já páálí rẹ̀. Ṣebí n kì í lá ṣúgà, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ojú ń tì mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn kò bẹ̀rù nọ́ḿbà kankan, èmi tí mo dàgbà ni mò ń sá fún un.

Láàárọ̀ òní, mo mu ògì, láìsí ṣúgà. Mo wo aago, wákàtí méjì ti pé, mo sì lọ já páálí náà.