Orúkọ Tí A Kò Gbọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá ìhunṣọ ní ilé-iṣẹ́ wa, mo rò pé orí mi fẹ́ là. Lúùmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ, kún yàrá náà bámúbámú, gbogbo wọn ló sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ̀dá Làsísì, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, la ẹnu wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi gbogbo agbára pariwo pé, "Ẹ ní kí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka kan ètè wọn. Ètè ni kí n máa wò.

Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn, kò sì pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Bí òwú bá já lórí lúùmù mi, Bọ̀dá Làsísì á ti sọ fún mi láti òdìkejì yàrá, láìgbé ohùn sókè. A máa ń ṣẹ̀fẹ̀, a tilẹ̀ máa ń bú ọ̀gá níṣojú rẹ̀, á sì máa kí wa pé a kú iṣẹ́. Ohun tí a kò fura sí ni pé ariwo yẹn ń jẹ etí wa díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá délé, ọkọ mi á ní kí ló dé tí mo ń jágbe mọ́ òun. Lójú tèmi, jẹ́jẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀.

Aṣọ òkèèrè ló lé wa níṣẹ́. Àláájà kan tó máa ń rajà lọ́dọ̀ wa ló kọ́kọ́ mú un wá hàn wá: ańkárá tó gbé bátànì tiwa gan-an, tí ẹlòmíràn ṣe wá láti òkè òkun, tí kò sì wọ́n rárá. "Ẹ má bínú o," ni Àláájà wí, "èyí làwọn èèyàn ń béèrè." Wọ́n pa lúùmù kan, wọ́n pa òmíràn, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí a débi iṣẹ́ tí a bá àgádágodo lẹ́nu géètì.

Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi inú ọ̀rá ní Okokomaiko. Bọ̀dá Làsísì di ẹni tó ń ṣọ́ géètì fún oníṣòwò kan ní Àlàbá. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò náà dé, ó fọn fèrè ọkọ̀ títí ó fi sú u, Bọ̀dá kọ̀yìn sí géètì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ náà ló dá wọn dúró. Nígbà tí ìyàwó wọn ń ròyìn rẹ̀ fún mi, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún.

Ìgbà tó yá, a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣèrànwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ọjà òkèèrè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n máa fún wa ní ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á sì kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Inú Bọ̀dá Làsísì dùn bí ọmọdé.

"Bọ́sẹ̀," ni wọ́n wí, "ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ránṣọ. Kò sẹ́ni tó máa lé mi nítorí etí mọ́."

Gbọ̀ngàn kan ní Ìbá ni wọ́n pè wá sí, nígbà àrùn Kòrónà. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ bàtà àti iṣẹ́ ike rí náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, kò sí maikirofóònù. Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ pe orúkọ dìde, ó fi ìbomú bo ẹnu àti imú. Àwa tí a ti hunṣọ rí tẹjú mọ́ aṣọ tó wà lẹ́nu rẹ̀. A rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Obìnrin Ègùn kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló gbá mi léjìká. "Ìyá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń pè yẹn?"

Mo sáré dé iwájú, mo gba ẹ̀rọ tèmi. Mo wá béèrè pé Làsísì ńkọ́.

"A ti pè é kọjá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún! Etí wọn ni kò gbọ́, iṣẹ́ yẹn náà ló bà á jẹ́!"

"Mama, ẹ má pariwo mọ́ mi."

"Mi ò pariwo, sà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ó rí i pé èmi náà kì í gbọ́ràn dáadáa, ó fa ìbomú sísàlẹ̀ àgbọ̀n, ó rọra ń sọ ọ́ kí ó lè yé mi. "A pè é títí, kò dáhùn. A ti gbé tiẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ti tán, Mama."

Mo yíjú sẹ́yìn. Bọ̀dá Làsísì ti dìde, wọ́n ti dé fìlà wọn. Wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà láti ibi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìjọba lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Bọ̀dá fúnra wọn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ mi rù dé Ìyànà-Ìbá, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo ní kí a jọ máa lò ó. Wọ́n ní, "Nínú yàrá kan tí ìwọ, ọkọ àti ọmọ ń gbé? Ibo ni màá jókòó sí?" A padà lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn tó pín ẹ̀rọ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní ká máa retí. Nígbà tí ìrètí sú Bọ̀dá Làsísì, wọ́n ní àwọn ń padà sílùú àwọn.

Mo ra aṣọ lọ́jà Ọ̀jọ́ láti fi rán bùbá tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Òun ni aṣọ àkọ́kọ́ tí mo fi ẹ̀rọ náà rán. Kí n tó gé e, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́.

"Kì í ṣe tiwa," ni wọ́n wí.

"Tiwa ò sí mọ́, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀. Rán an."

Ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, torí mi ò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ̀ ọ́. Aṣọ òkèèrè ni ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ híhun wọ̀ padà sí Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ. Mi ò rí wọn mọ́ láti ọjọ́ náà.