Lẹ́tà tí Olùṣọ́ Àgùntàn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: tíṣà tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kí la fẹ́ máa pè é? Ọlálẹ́yẹ ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí títí ó fi sú u. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Òkèihò kó tó wá sí Ireland lọ́dún 2001, òun àti Ruth aya rẹ̀, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ìwé ìgbélùú wọn jáde, iṣẹ́ tó rí kò jìnnà sí ilé wọn ní Tyrrelstown: ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi gbé páálì níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò burú, òun ló fi tọ́ Tèmi ọmọ rẹ̀ dàgbà, ṣùgbọ́n páálì kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá húkọ́ lásán, ogójì ọmọ á pa rọ́rọ́, òun ló wá di ẹni tó ń lo odindi ọjọ́ láìsọ ju "morning" àti "good luck" lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́. Dókítà ní kó má gbé ẹrù wúwo mọ́ láyé rẹ̀. Tèmi, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ tí kì í fi dáni lóhùn, ló rí iṣẹ́ kan lórí fóònù: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan létí òkun ní Dún Laoghaire ń wá ẹni tí yóò máa mú àlejò yí inú ilé ká, tí yóò sì máa sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. "Dad, it's only talking," ó ní. "You'd be grand."

Only talking! Ẹ ò rí ọmọ yìí? Ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń wá láti nǹkan bí ogún ọdún nìyẹn. Wọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn yóò fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Bó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ di tirẹ̀. Ẹ wo bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á wọ bọ́ọ̀sì dé ìgboro, á wá wọ rélùwéè tó ń tọ etí òkun lọ, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò ti máa rí omi. Inú rẹ̀ máa ń dùn débi pé ó máa ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà. Láyé àtijọ́, láti èbúté tí àwọn ènìyàn ti ń mú ajá wọn rìn gbẹ̀fẹ́ lónìí ni wọ́n ti máa ń kó ọmọ Ireland sínú ọkọ̀ lọ sí Australia: ẹni tó jí màlúù, ẹni tó jí aṣọ lórí okùn. Bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n ń lò lójú omi. Tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á pín wọn fún àwọn tó ní ilẹ̀ àti àgùntàn. Wọ́n lè kó ọ̀ọ́dúnrún àgùntàn fún ẹnì kan ṣoṣo, kó máa dà wọ́n kiri inú igbó tí kò ti sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bí àgùntàn ṣe ń gba ẹnu ọgbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa kà wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgùntàn olówó ní tirẹ̀, kíkà ni. Bí iye rẹ̀ bá wá dín, ẹranko ìgbẹ́ ló pa á ni o, ṣe ló ṣìnà ni o, ara olùṣọ́ àgùntàn ni wọn yóò ti gbà á.

Òfin kò gba ọ̀gá láyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ na ẹlẹ́wọ̀n. Adájọ́ ló lè pàṣẹ ẹgba. Adájọ́ yìí náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ní àgùntàn, ọ̀rẹ́ ọ̀gá sì ni. Ọ̀gá á kọ lẹ́tà sí i. Ta ni yóò gbé lẹ́tà lọ? Nígbà mìíràn, ẹlẹ́wọ̀n náà fúnra rẹ̀ ni. Á fẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán, á jíṣẹ́, wọ́n á nà án, á sì tún fẹsẹ̀ rìn padà sídìí àgùntàn. Ẹ̀dà irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan wà nínú àpótí gíláàsì ní yàrá tó kẹ́yìn: "Malachy tó mú ìwé yìí wá sọ àgùntàn mọ́kànlá nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní àádọ́ta, kí ẹ sì tètè dá a padà, torí iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Ìwé ojú méje ni wọ́n kọ gbogbo èyí sí fún Ọlálẹ́yẹ. Ó kọ́ ọ sórí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bó bá ti dúró síwájú àlejò, ṣe ni yóò tẹjú mọ́ ògiri, tí yóò máa kà á láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn kan á máa wo fóònù, àwọn kan á máa yán. Bó bá parí, wọ́n á pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n á wá ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí lọ.

Gráinne ni olórí ibẹ̀. Ọlálẹ́yẹ lè bí i lọ́mọ, orúkọ rẹ̀ gan-an ni obìnrin náà sì ń pè é. Níbẹ̀, kò sí àrífín nínú ìyẹn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé, ó pè é jókòó, ó po tíì fún un.

"Ọlálẹ́yẹ, o mọ gbogbo ìtàn náà jù mí lọ," ó ní. "Àmọ́ láti ọjọ́ tí o ti wà níbí, kò sí àlejò kan tó bi ọ́ ní ìbéèrè. Ẹni tí kò béèrè nǹkan kan, kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́bọ̀, èmi náà máa tẹ̀ lé yín. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, màá ní láti fi ẹlòmíràn sí i. Ó dùn mí o."

Ó dùn ún lóòótọ́, ojú rẹ̀ fi hàn. Ṣùgbọ́n ta ló dùn tó Ọlálẹ́yẹ? Nínú rélùwéè, kò wo òkun. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kò tún sí ibi tí ẹnikẹ́ni yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láyé, àfi nínú pálọ̀ wọn.

Ruth, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, ní kó dúró sí kíṣìnì kó sọ ọ́ kí òun gbọ́. Kò tíì dé ojú ewé kejì tí ìyàwó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tèmi, ẹ má bínú. Bí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ lára páálì oògùn lẹ rí. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń bá mi jà. Ìgbà yẹn, ẹnu yín dùn."

"Ohun tí wọ́n kọ fún mi ni mò ń sọ," ó dáhùn. "Ṣé kí n wá máa fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un? Ìwé ni wọ́n fún mi."

"Ẹ máa gbé ìwé lọ nígbà náà," Ruth ní, ó sì kó àwo padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àlejò mẹ́jọ ló wá, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin láti Cork, ọ̀kan sì jẹ́ ọkùnrin gíga kan láti Australia tí oòrùn ti sọ awọ ojú rẹ̀ di pupa. Gráinne wà lẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ gbera. Ọlálẹ́yẹ ka ti yàrá kìíní. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Ó ka ti yàrá kejì, ó dá ẹnu dúró, ó ń retí. Obìnrin kan húkọ́. Wọ́n dé ìdí àpótí gíláàsì. Ó ka lẹ́tà náà fún wọn, ó wá fi gbólóhùn tó kẹ́yìn ojú ìwé keje parí rẹ̀: ẹlẹ́wọ̀n náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

"Ẹ dúró ná," ọkùnrin Australia ní. "Ìyẹn ò yé mi. Òun nìkan nínú igbó, lẹ́tà ìyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí kò jù ú nù?"

Ìbéèrè rèé o! Ohun tó ti ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìwé ti tán, kò sì sí ìdáhùn nínú rẹ̀. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Èmi náà gbé irú rẹ̀ rí," ó ní.

Ó wá sọ fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ní Òkèihò. Ó pariwo ní kíláàsì, tíṣà sì ká ìwé kan, ó ní kó bá òun gbé e fún ọ̀gá àgbà. Ó yà sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, ó ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹ fún ẹni tó mú ìwé yìí wá ní ẹgba mẹ́fà. Ó mọ̀wé kà, ó yé e yékéyéké. Ó tún ìwé náà ká bí wọ́n ṣe ká a tẹ́lẹ̀, ó sì gbé e lọ.

"Kí ló dé?" obìnrin Cork kan béèrè. Ìbéèrè kejì nìyẹn.

"Ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Tíṣà mọ bàbá mi, bàbá mi mọ ọ̀gá àgbà. Tí mo bá sá fún mẹ́fà nílé-ìwé, méjìlá ń dúró dè mí nílé. Malachy náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa gbà á sílé? Ta ló máa fún un lóúnjẹ láìsí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Igbó náà fẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀nà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí. Gráinne ti tú ọwọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní Ọlálẹ́yẹ pa ẹnu dé níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán, iṣẹ́ ì bá sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Australia tún ní ọ̀rọ̀ kan.

"Tíṣà yẹn ńkọ́? Kò bẹ̀rù pé o lè kà á, kí o fà á ya?"

"Rárá, kò bẹ̀rù," Ọlálẹ́yẹ dáhùn. "Mo mọ̀, torí nígbà tí èmi náà di tíṣà, mo kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan ló pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ mẹ́fà síbẹ̀, mo fún un, mo yíjú sí pátákó, mo ń bá ìṣirò mi lọ. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó lè jù ú nù. Nígbà tó padà wá, ọwọ́ òsì ló fi mú pẹ́ńsù, torí ọ̀tún kò ṣeé ká. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gbọ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ ló ń pọn omi fún, ló fi ń pẹ́."

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ Ọlálẹ́yẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, kò sọ fún Ruth, kò sọ fún Tèmi, òun ló wá ń sọ fún àjèjì mẹ́jọ.

"Àwọn tó ni àgùntàn ni ìdílé wa," ọkùnrin gíga náà ní. "Irú lẹ́tà báyìí kún àpótí kan nílé wa. A máa ń fi han àlejò, torí pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára." Ó na ọwọ́, Ọlálẹ́yẹ sì bọ̀ ọ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Gráinne ní iṣẹ́ ti di tirẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gidi. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́: kó ju ìwé ojú méje yẹn nù, kó máa sọ ìtàn tirẹ̀ yẹn, tòótọ́ tòótọ́, lẹ́tà tó gbé àti lẹ́tà tó kọ, méjèèjì. Ọlálẹ́yẹ dúpẹ́. Nínú rélùwéè ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò máa jẹ́wọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n á sì máa sanwó oṣù fún un. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ruth nígbà tí wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́. Ruth yọ̀ mọ́ iṣẹ́ ná, ó yọ̀ dáadáa. Ó wá ní, "Ta ni wọn ò nà, Bàbá Tèmi? Ṣé èmi ni wọn ò nà ni?"

"Èmi kọ́ ni wọ́n nà nínú eléyìí," ó dáhùn.

Ruth gbé ṣíbí kalẹ̀. "Kí lorúkọ ọmọ náà?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì pè é láti ọjọ́ náà ni. Ruth rí i lójú rẹ̀, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu pé kó sọ ọ́.

"Tí ẹ bá máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹun," ó ní, "ẹ kúkú máa dárúkọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, àlejò mọ́kànlá ló wá, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ Ọlálẹ́yẹ. Ẹnu rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ní yàrá kìíní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ó sọ ti ọkọ̀, ó sọ ti àgùntàn, ó sọ ti Malachy. Wọ́n dé ìdí àpótí gíláàsì. Ó sọ ẹgba mẹ́fà tirẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀.

"Nígbà tí mo di tíṣà, èmi náà kọ ọ̀kan," ó ní. "Rafiat lorúkọ ọmọ tí mo fún. Ó kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, 'Ẹ ṣé, sà.'"