Ilé Ìwòsàn Tí Kò Mọ Òórùn Sípírítì

Orí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rán aṣọ fún ló kú sí. Ó lọ gba oògùn rẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀. Àwọn dókítà ń gòkè, àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó wò ó, ó ní: "Ìyá Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ti mutí yó. Tọ́tí bá dá lójú ẹ̀, á dìde."

Kò dìde mọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ẹ rékọjá fún yín. Aṣọ tí ẹ ń tẹ́ sábẹ́ aláìsàn, ẹ̀wù tí ẹ ń wọ̀ kí ẹ tó la ikùn ènìyàn, òun ló ń rán an, nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Orin ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń kọ, nítorí kò mọ ìyókù. Bí mo bá yọjú sí i, á ní: "Àbúrò mi akọ̀wé dé! Ìwọ tó o fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ bo ara, òtútù á pa ẹ́ o." Ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí. Níbi ìnáwó pàápàá, omi ló máa ń bèèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí lọ.

Ó ní kòkòrò HIV. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ síta: "Tí mo bá kú, sọ ọ́. Ó sàn kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣàìsàn ju kí wọ́n máa pè mí lọ́mùtí lọ." Kò fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀: dókítà jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, àwọn aláìsàn ń fi ìdí wọ́ sún mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀jẹ̀ yín dáa, màmá. Ẹ sún, ẹni tó kàn!" Ta ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi dìde rìn kí òun wò ó? Ta ló wo ọwọ́ rẹ̀?

Kòkòrò yìí kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó ń wọ ọpọlọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ wúwo, kí ìrònú falẹ̀, kódà nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kò sí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ láìwo ojú rẹ̀ di ẹni tí kò lè de bọ́tìnì. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn. Ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ ó dúró kí ìdáhùn tó dé. Ká ní wọ́n tètè yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá wọ́n ì bá tún oògùn rẹ̀ tò, kí wọ́n sì kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrìn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè, kí ni ọ̀gá ilé ìwòsàn ṣe? Ó súnmọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ajá ọdẹ, ó sì kéde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìpàdé òwúrọ̀ Mọ́ńdè: "Ó ń rùn, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kí ló kù? Kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó máa lọ sílé!" Lóòótọ́, ó ń rùn. Sípírítì ló ń rùn! Kí epo ẹ̀rọ ìránṣọ má baà ta sí aṣọ funfun yín, sípírítì ló fi ń nu ẹ̀rọ náà láràárọ̀. Sípírítì kan náà tí ẹ fi ń nu apá ènìyàn kí ẹ tó gún un lábẹ́rẹ́ ni, ọ̀gá dókítà. Ẹ kò mọ òórùn rẹ̀ mọ́? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, aṣọ tó rán ni wọ́n fi bò ó. Ilé ìwòsàn wá rán ẹnì kan wá kí wa nílé. Onítọ̀hún jókòó, ó mi orí, ó sì kọjú sí ọmọbìnrin olóògbé: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìwọ náà, má mutí o." Ọmọ náà kò sunkún. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà bóyá ìyá òun ń mutí níkọ̀kọ̀. Ohun tí ẹ jí lọ́wọ́ òkú nìyẹn, pé ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

Àṣegbé kan ò sí. Ẹni tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ sọ orúkọ rẹ̀. Dókítà orí bẹ́ǹṣì, ẹ bi í ní ohun tó rí. Ọ̀gá wọn sì gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ó wo ojú ọmọbìnrin yìí, kí ó wí pé: "Ìyá rẹ kò mutí. Àìsàn ló ń ṣe é, àwa la kò wò ó." Bí ẹnu rẹ̀ bá kọ̀ láti sọ ọ́, kí ó kúrò lórí àga náà.