Ẹrù Iṣu Sísun

Bí èéfín obìnrin tó ń sun iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi bá ti fẹ́ sí mi, ẹ̀rín ni. Àwọn oníbàárà á rò pé àwọn ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà ní kékeré, àwọn ọmọge mẹ́rin àdúgbò wa l'Adó ń lọ gun òkè, mo sì sunkún títí wọ́n fi gbà kí n tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi di iṣu sísun àti epo gbogbo wa, ó gbé e rù mí.

A ò tíì dé ìdajì òkè tí wọ́n fi sá fún mi. Àǹtí Ṣadé, ọ̀kan nínú wọn, kígbe látòkè: “Ẹlẹ́sẹ̀ ìgbín, padà s'ulé!”

Mo jókòó sórí àpáta gbígbóná, mo tú ẹrù, mo ki iṣu bọ epo, mo ń jẹ.

“Yéè! Oúnjẹ wa!” Wọ́n sáré bọ̀ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Àǹtí Ṣadé ní, “Àbúrò mi àtàtà, wá, jẹ́ n pọ̀n ọ́.”

Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó mọ ìdí tí ìyá mi fi kó gbogbo oúnjẹ lé èmi nìkan lórí.

Ẹ̀yìn Àǹtí Ṣadé ni mo wà dé téńté, tí epo ọwọ́ mi ń kán sí àǹtí mi lọ́rùn. Mo ní, “Ẹ yára o, ẹlẹ́sẹ̀ ìgbín!”